Gbígba Bàtà Wúrà Lẹ́ẹ̀kejì, Ibẹ̀ Ni Iṣẹ́ Wà

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn èèyàn jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo wá ní ẹ jẹ́ n kúkú jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè sọ ọ́ tán, torí ní fíúwìn sẹ́ńtà, kéèyàn tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì, ẹlòmíì á ti já a gbà lẹ́nu ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tèmi ò lọ́jú pọ̀: ẹni tó bá gba bàtà wúrà, ìyẹn àmì ẹ̀yẹ ẹni tó jẹ góòlù jù, lẹ́ẹ̀kan, ó ṣe bẹbẹ, a kí i kú iṣẹ́, àmọ́ ẹni tó bá gbà á lẹ́ẹ̀kejì, ẹni yẹn ni mo tó lè pè ní atamátàsé láìfi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Àwọn kan á ní kí ló wá yàtọ̀ níbẹ̀, ṣebí góòlù náà ni góòlù ń jẹ́. Ó yàtọ̀ o. Ó yàtọ̀ gan-an ni.

Ẹ wò ó, ọdún tí èèyàn bá kọ́kọ́ gbà á, àwọn difẹ́ńdà ò tíì mọ̀ ọ́n tán. Wọn ò mọ ẹsẹ̀ tó fẹ́ràn láti fi gbá a, wọn ò mọ̀ pé tó bá ti ṣe bí ẹni ń bọ̀ wá gba bọ́ọ̀lù níwájú, ẹ̀yìn wọn gan-an ló fẹ́ sá gbà. Kí sáà yẹn tó parí, fídíò ẹ̀ ti wà lọ́wọ́ gbogbo kóòṣì tó wà ní líìgì, wọ́n ti jókòó tì í, wọ́n ti ka ìṣísẹ̀ ẹ̀. Tí sáà kejì bá fi máa bẹ̀rẹ̀, èèyàn méjì á ti lẹ̀ mọ́ ọn kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ gólì rárá. Ẹni tó ń fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí i lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ́ míì ti lè rà á lọ. Kóòṣì tó mọ bó ṣe ń lò ó ti lè ríṣẹ́ síbòmíì. Orúnkún lè máa dùn ún, owó tuntun tí wọ́n fi kún owó ẹ̀ sì lè mú kí ara ẹ̀ dẹ̀. Ó jọ ọ̀rọ̀ Ojúde Ọba wa níbí, regbẹ́rẹgbẹ́ tó bá múra lọ́dún kan tí gbogbo ìlú pariwo lé lórí, ọdún tó tẹ̀lé e làwọn èèyàn máa ń tẹjú mọ́ wọn jù, torí kò sí aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ tí wọn ò ní fi wé tèṣí.

Ẹ jẹ́ ká mú Alan Shearer. Ní sáà 1994–95, góòlù 34 ló jẹ fún Blackburn, Blackburn sì gba líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún yẹn. Ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n dín ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì kù láti 42 sí 38, kò dí i lọ́wọ́, ó tún jẹ 31, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 35 péré ló sì fi jẹ ẹ́. Newcastle wá kó mílíọ̀nù 15 pọ́n-ùn sílẹ̀ lórí ẹ̀ ní 1996, kò tíì sí agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n rà ní iye yẹn rí lágbàáyé nígbà náà. Ẹ rò ó wò, ìlú tuntun, ẹgbẹ́ tuntun, owó tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ ẹ̀, àwọn tó máa máa gbá bọ́ọ̀lù sí i ò tíì mọ ibi tó fẹ́ràn. Ó tún gbà á. Góòlù 25 ní 1996–97, ẹ̀ẹ̀kẹta léraléra nìyẹn, ó sì ti fara gba ọgbẹ́ orúnkún tó burú ní ìparí 1992 kí gbogbo eléyìí tó ṣẹlẹ̀ o. Tí wọ́n bá ní góòlù 260 ló jẹ ní Premier League, mo máa ń gbà pé iye yẹn tóbi, àmọ́ ọdún mẹ́ta yẹn ló jẹ́ kí n mọ irú ẹni tó jẹ́.

Thierry Henry ńkọ́? Àwa tí a dàgbà sí àsìkò tí Kánú wà ní Arsenal, kò sí bí a ò ṣe ní mọ Henry, torí tọmọdé tàgbà ló máa ń jókòó wo Arsenal nítorí Kánú, wọ́n á sì fi Henry ṣe èrè. Láti Juventus ló ti dé ní 1999, ẹ̀gbẹ́ pápá ni wọ́n ti ń lò ó níbẹ̀, Arsene Wenger tó jẹ́ kóòṣì Arsenal ló fà á wá sí àárín. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló gba bàtà wúrà: góòlù 24 ní 2001–02, 30 ní 2003–04 tí Arsenal ò pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì kankan, 25 ní 2004–05, 27 ní 2005–06. Ẹ wo ọdún tó fò níbẹ̀. Ní 2002–03, Henry jẹ 24, iye kan náà tó fi gbà á lọ́dún tó ṣáájú, àmọ́ Ruud van Nistelrooy ti Manchester United jẹ 25. Góòlù kan péré! Ká ní ó rí méjì sí i níbì kan, bóyá bọ́ọ̀lù kan tó gba òpó padà, bóyá ọ̀kan tí gólì fi ìka gbá sẹ́yìn, ọdún márùn-ún gbáko ni ì bá fi gbà á láìsí ẹni tó bá a dé ibẹ̀. Òun náà tún gba bàtà wúrà gbogbo Yúróòpù lọ́dún méjì tó tẹ̀léra, 2004 àti 2005.

Ibi tí mo ti máa ń gbóná jù nínú àríyànjiyàn yìí ni ọ̀rọ̀ Harry Kane, torí tiẹ̀ ló fi hàn pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ò tó láti fi ṣèdájọ́ èèyàn. Ó gba tàkọ́kọ́ ní Tottenham ní 2015–16 pẹ̀lú góòlù 25. Wọ́n ní ọdún kan ni, wọ́n ní ẹ jẹ́ ká wo èyí tó ń bọ̀. Ọdún tó tẹ̀lé e, ó kù díẹ̀ kí sáà parí, Lukaku wà níwájú ẹ̀, Kane lọ sílé Leicester ó jẹ mẹ́rin, kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ ó tún lọ sílé Hull ó jẹ mẹ́ta, méje nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì, ó parí sí 29, ó kó bàtà ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ní 2017–18, ó jẹ 30, tó ju èyí tó fi gba méjì àkọ́kọ́ lọ, kò sì rí nǹkan kan gbà torí Mohamed Salah jẹ 32. Ní 2020–21 ó jẹ 23, ó gbà á. Ní 2022–23 ó tún jẹ 30, Erling Haaland sì lọ jẹ 36. Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀ẹ̀mejì ló jẹ 30 tí kò gba nǹkan kan, ó wá jẹ 23 ó gba bàtà. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn yìí, tó kàn ka orúkọ àwọn tó gbà á, á rò pé ọdún tí Kane gbá bọ́ọ̀lù tó dáa jù ni ọdún tó gbà á. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó ń bá èèyàn dù ú lọ́dún yẹn wà níbẹ̀, oríire náà wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ẹ máa ka ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ máa ka ẹ̀ẹ̀kẹta, torí oríire lè gbé èèyàn dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kì í sábà bá èèyàn padà síbẹ̀. Kane fúnra ẹ̀ lọ sí Bayern ní Jámánì, ó jẹ 36 ní sáà àkọ́kọ́, 26 ní sáà kejì, bàtà méjì míì nìyẹn.

Jámánì náà ni Gerd Müller ti gbà á lẹ́ẹ̀méje, Robert Lewandowski náà gbà á lẹ́ẹ̀méje, góòlù 40 tí Müller jẹ ní 1971–72, ọdún 49 ló fi wà níbẹ̀ kí Lewandowski tó jẹ 41 ní 2020–21. Ti ìyẹn kúrò lọ́rọ̀ àríyànjiyàn.

Àwa ọmọ Áfíríkà náà ò kẹ̀rẹ̀ o, inú mi sì máa ń dùn tí mo bá ń ka tiwọn. Tony Yeboah ọmọ Gánà wà lára àwọn tó jẹ góòlù jù ní Bundesliga ní 1993, ó tún wà níbẹ̀ ní 1994, ẹ̀ẹ̀méjèèjì ni òun pẹ̀lú ẹlòmíì jọ pín in. Didier Drogba gbà á ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2006–07 pẹ̀lú góòlù 20, ó tún gbà á ní 2009–10 pẹ̀lú 29. Salah, ẹ̀ẹ̀mẹrin, bíi ti Henry: 32 ní 2017–18, 22 ní 2018–19 tí òun, Sadio Mané àti Aubameyang jọ pín, ọmọ Íjíbítì, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà àti ọmọ Gàbọ́ọ̀nù lórí òkè tábìlì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ò rí i bó ṣe dùn tó. Ó tún pín in pẹ̀lú Son Heung-min ní 2021–22, ó wá dá nìkan gbà á ní 2024–25 pẹ̀lú góòlù 29. Ọdún méje ló wà láàrin tàkọ́kọ́ àti ìkẹrin, ó sì ti pé ọmọ ọdún 32. Gbogbo difẹ́ńdà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló mọ̀ pé á gba ọwọ́ ọ̀tún wọlé, á fi ẹsẹ̀ òsì gbá a, wọ́n mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó, bọ́ọ̀lù ṣáà ń wọlé. Àwọn kan lè máa sọ pé pẹ̀nátì wà nínú ẹ̀. Pẹ̀nátì náà, ẹni tí ẹgbẹ́ ẹ̀ fọkàn tán ni wọ́n ń gbé e fún, n ò sì rí ìdí tí a fi máa yọ ọ́ kúrò.

Ife Àgbáyé ni ibi tí ẹ̀ẹ̀kejì ti le jù. Láti 1930 títí dé 2022, kò sẹ́nì kan tó gba bàtà wúrà ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Just Fontaine jẹ 13 ní 1958, kò gbá Ife Àgbáyé mìíràn mọ́. Eusébio jẹ mẹ́sàn-án ní 1966, ikọ̀ Potogí ò dé ibẹ̀ padà nígbà ayé bọ́ọ̀lù ẹ̀. Thomas Müller gbà á ní 2010 pẹ̀lú márùn-ún, ó tún jẹ márùn-ún ní 2014, James Rodríguez jẹ mẹ́fà. Ọdún mẹ́rin pọ̀ lára agbábọ́ọ̀lù, ohun tí kò ṣe ẹ́ lọ́dún yìí lè ti ṣe ẹ́ kó tó di ìgbà yẹn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Victor Osimhen, èyí tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní fíúwìn sẹ́ńtà tí mo máa ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìbàdàn Gàráàjì. Ẹ̀gbọ́n kan wà níbẹ̀ tí a máa ń pè ní Bọ̀ọ̀dá Alágà, wọ́n ti pẹ́ nídìí bọ́ọ̀lù jù wá lọ, orí bẹ́ǹṣì iwájú ni wọ́n máa ń jókòó sí, tí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ àwọn èèyàn máa ń dákẹ́. Wọ́n ní Osimhen ò tíì gbà á lẹ́ẹ̀mejì, pé Ítálì ló ti gba ọ̀kan, Tọ́kì ló ti gba èkejì, pé líìgì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, pé ọ̀kan ọ̀kan ló jẹ́. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Wọ́n ní kí n sọ ọ́.

Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn náà ni mo ń sọ níbí. Ní 2022–23, Osimhen jẹ 26 ní Serie A, Napoli gba líìgì, kò sì sí ọmọ Áfíríkà kankan tó jẹ góòlù jù lọ ní líìgì Ítálì rí kó tó kàn án. Lẹ́yìn náà gbogbo nǹkan dàrú. Luciano Spalletti tó jẹ́ kóòṣì wọn kúrò, kóòṣì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló tọ́ wọn nínú sáà kan ṣoṣo tó tẹ̀lé e, Osimhen tún lọ fún Ife Áfíríkà ní Ivory Coast láàrin sáà, ó parí sí góòlù 15. Lójú tèmi, 15 nínú irú rúdurùdu yẹn ò burú, àmọ́ àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó ti tán lára ẹ̀. Ní September 2024, wọ́n yá Galatasaray lò ó fún sáà kan lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ míì ò já mọ́ nǹkan kan, líìgì ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kò mọ ẹnikẹ́ni, kò gbọ́ èdè wọn. Ó jẹ 26, iye kan náà gẹ́lẹ́, ó jù wọ́n lọ ní Tọ́kì, Galatasaray sì gba líìgì. Mo wá bi Bọ̀ọ̀dá Alágà pé ẹni tó gbà á ní ilé kan náà lẹ́ẹ̀mejì, tí àwọn kan náà ń fún un ní bọ́ọ̀lù, àti ẹni tó kó ẹrù ẹ̀ lọ sí ilẹ̀ míì tó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, èwo ló le jù? Wọ́n ní Tọ́kì ò tó Ítálì. Òótọ́ ni, kò tó o. Ṣùgbọ́n ọmọ tó jẹ góòlù mẹ́wàá ní Ife Àgbáyé àwọn ọmọ ọdún 17 ní Chile lọ́dún 2015, tó gba bàtà wúrà níbẹ̀, tí góòlù ẹ̀ wà nínú méjì tí a fi na Màlì nínú àṣekágbá, tó tún wá ṣe é ní Ítálì, tó tún ṣe é ní Tọ́kì, mi ò mọ ohun míì tí a tún fẹ́ kó ṣe ká tó gbà pé kì í ṣe oríire. Bọ̀ọ̀dá mi orí, wọ́n ní àwọn ò gbà, wọ́n ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ kí àwọn wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí àwọn sanwó fún.

Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni ti Ráṣídì Yẹkínì.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nípa Yẹkínì, ohun kan náà ni wọ́n máa sọ fún yín: àwọ̀n Bulgaria. Ọjọ́ 21 oṣù June 1994 ní Dallas, Finidi gbá bọ́ọ̀lù náà wá láti ọwọ́ ọ̀tún, Yẹkínì sáré dé, ó tì í wọlé, góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ ní Ife Àgbáyé, ó sì sáré wọ inú àwọ̀n, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ ojú àwọ̀n jáde, ó gbá a mú, ó ń pariwo, ó ń sunkún, ó ń gbàdúrà. Mo fẹ́ràn àwòrán yẹn bíi gbogbo yín. Ṣùgbọ́n àwòrán yẹn ti gba gbogbo àyè mọ́ ọkùnrin náà lọ́wọ́, àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ pé kí ọjọ́ yẹn tó dé ló ti ṣe ohun tó le ju ìyẹn lọ.

Ní Ife Áfíríkà 1992 ní Sẹ̀nẹ̀gà, góòlù mẹ́rin, òun ló jẹ jù. Wọ́n wá fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù ní Áfíríkà ní 1993, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè yẹn. Ó túmọ̀ sí pé nígbà tí wọ́n fi máa dé Tùnísíà ní 1994, kò sí kóòṣì kan ní gbogbo Áfíríkà tí kò mọ̀ ọ́n, kò sí ikọ̀ kan tí kò ti wí fún difẹ́ńdà wọn pé ẹ má fi ọkùnrin gìrìwò yẹn sílẹ̀ o. Ó sì tún jẹ márùn-ún. Òun ló tún jẹ jù, wọ́n tún ní òun ló gbá bọ́ọ̀lù dáadáa jù níbẹ̀, Nàìjíríà sì gbé ife yẹn lẹ́yìn tí Amunike fi góòlù méjì na Sámbíà. Ní sáà 1993–94 yẹn kan náà, ó jẹ 21 fún Vitória Setúbal, òun ló jẹ jù ní gbogbo líìgì Potogí. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ pọ̀: Áfíríkà lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, Potogí, lẹ́yìn náà ló wá kan Dallas. Àwọn tó ti gba ti Ife Áfíríkà lẹ́ẹ̀mejì ò pọ̀. Laurent Pokou ọmọ Ivory Coast gbà á ní 1968 àti 1970, márùn-ún ló jẹ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo pẹ̀lú Ethiopia. Samuel Eto'o gbà á ní 2006 àti 2008, márùn-ún márùn-ún. Yẹkínì wà láàrin wọn, ẹsẹ̀ kan náà ni wọ́n dúró lé. Góòlù 37 tó jẹ fún Nàìjíríà náà wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á.

Ó sì tún sún mọ́ wa o. Kàdúná ni wọ́n bí i sí, Ìrá ní Kwara ni ilé ẹ̀, àmọ́ Shooting Stars ní Ìbàdàn àti Abíọ́lá Babes ní Abẹ́òkúta ló ti dàgbà kó tó kọjá sí Àbíjàn, àwọn àgbà kan wà ní àdúgbò wa tí wọ́n máa ń sọ pé tó bá gbá bọ́ọ̀lù lu òpó, ẹ máa gbọ́ ọ lókè téńté ibi tí èrò jókòó sí. Ní 2005, nígbà tó ti lé lógójì ọdún, ó tún padà wá gbá bọ́ọ̀lù fún Gateway FC, ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ Ògùn wa. Ìbàdàn ló kú sí ní May 2012, ọmọ ọdún 48. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọmọdé ń bi ara wọn pé ta ni Yẹkínì, wọ́n á ní bọ̀ọ̀dá tó di àwọ̀n mú. Inú mi kì í dùn. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé bọ̀ọ̀dá tó gbà á ní 1992 tó tún gbà á ní 1994 nígbà tí gbogbo Áfíríkà ti ń ṣọ́ ọ.

Àwọn obìnrin wa gan-an ló ti ṣe é jù, ẹnu kì í sì í sábà kàn wọ́n. Perpetua Nkwocha jẹ mẹ́sàn-án ní Ife Áfíríkà àwọn obìnrin ní 2004, mẹ́rin nínú ẹ̀ sì jẹ́ ti àṣekágbá tí wọ́n fi na Kamẹrúùnù, ó jẹ méje ní 2006, ó jẹ 11 ní 2010, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló jẹ jù. Ọkùnrin wo la ní tó ṣe bẹ́ẹ̀? Asisat Oṣóálà tiẹ̀ tún jẹ́ ọmọ Ìkòròdú, ẹni tó bá ti Ṣàgámù wọkọ̀, tí ọ̀nà bá dáa, kò ní pẹ́ débẹ̀. Ní Canada lọ́dún 2014, ó jẹ méje ní Ife Àgbáyé àwọn ọmọ ọdún 20, ó gba bàtà wúrà, ó gba bọ́ọ̀lù wúrà tó jẹ́ ti ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù dáadáa jù. Ní 2016 òun ló jẹ jù ní Ife Áfíríkà. Ní 2021–22 ó jẹ 20 fún Barcelona, òun àti Geyse ọmọ Brazil ló jọ wà lókè tábìlì líìgì Sípéènì. Àwọn obìnrin àgbàyanu nìyẹn, àdúgbò wa níbí ni ọ̀kan ti wá, ó sì yẹ kí orúkọ ẹ̀ máa jáde lẹ́nu wa ní fíúwìn sẹ́ńtà láìjẹ́ pé ẹnì kan rán wa létí.

Ibi tí mo ń bọ̀ ni ilé wa níbí, Ìkẹ́nnẹ́ gan-an. Mo máa ń gba ọ̀nà Ìlísàn lọ wo Remo Stars, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan sì wà tí mi ò lè gbàgbé nítorí atamátàsé ẹgbẹ́ àlejò tó wá. Ìtòsí òpó ni mo jókòó sí, mo ń rí ojú ẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbá kọ́nà, gbogbo èèyàn ń wo bọ́ọ̀lù, òun ń wo ẹsẹ̀ difẹ́ńdà tó ń ṣọ́ ọ. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan difẹ́ńdà yẹn nídìí ìbàdí, pẹ́pẹ́, bí ẹni fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbá kọ́nà yẹn báyìí, gbogbo wọn fò síwájú, òun gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, ẹsẹ̀ kan péré, bọ́ọ̀lù kọjá lórí gbogbo wọn ó já bọ́ síwájú ẹ̀, ó gbá a, gólì fi orúnkún ta á dànù. Kò pẹ́ wọ́n tún gba kọ́nà míì. Ó tún fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Difẹ́ńdà yẹn ò fò mọ́, ó dúró tì í, ó di aṣọ ẹ̀ mú, bọ́ọ̀lù kọjá lọ. Láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, ọmọ Rẹ́mọ yẹn ti kọ́ ọ. Mo rò ó lọ́kàn mi pé tí wọ́n bá lè kọ́ èèyàn láàrin kọ́nà méjì, kí ni wọn ò ní kọ́ láàrin sáà méjì? Atamátàsé yẹn ò sì rí góòlù jẹ títí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ fi parí, àmọ́ mo ṣì ń wá orúkọ ẹ̀ nínú ìròyìn.

Ìṣòro líìgì wa ni pé a kì í rí ẹ̀ẹ̀kejì yẹn. Mfon Udoh jẹ 23 fún Enyimba ní 2014, ó fọ́ àkọsílẹ̀. Stephen Odey ń jẹ góòlù ní MFM ní Èkó ní 2017, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn ẹ̀ ni, FC Zürich ti wá mú un. Bó ṣe ń rí nìyẹn, bí ọmọ kan bá ti jẹ góòlù 15, 16 báyìí, fóònù èjẹ́ńtì ò ní sinmi, kí sáà tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ó ti wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí ibi tí òtútù wà, líìgì kékeré kan tí a ò ní rí wò, àwa níbí á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í mọ orúkọ ẹlòmíì. Mi ò dá wọn lẹ́bi rárá. Owó oṣù tí kì í dé lásìkò, ọ̀nà tí kò dáa, mọ́tò tí wọ́n fi ń rìn ní òru láti ìpínlẹ̀ kan dé òmíì, ọmọ èèyàn ni wọ́n, wọ́n ní ìyá wọ́n ní bàbá. Ẹgbẹ́ bíi Remo Stars náà, títọ́ ọmọ dàgbà kí wọ́n lè tà á síta wà lára ohun tí wọ́n fi ń gbé ara wọn ró, Beyond Limits, ilé ìkọ́ni bọ́ọ̀lù wọn ní Ìkẹ́nnẹ́, wà fún irú iṣẹ́ yẹn, wọ́n sì ń ṣe é dáadáa.

Síbẹ̀, Remo Stars yẹn kan náà ló fi hàn mí pé dídúró lérè. Wọ́n ṣe ipò kejì ní 2022–23, wọ́n tún ṣe ipò kejì ní 2023–24, ẹlòmíì á ti tú ẹgbẹ́ ká, á lé kóòṣì. Wọ́n fi Daniel Ogunmodede sílẹ̀ síbi iṣẹ́ ẹ̀, wọ́n padà wá, ní 2024–25 wọ́n gba líìgì Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́, ife wọ Rẹ́mọ. Tí ẹgbẹ́ bá lè ṣe irú sùúrù yẹn fún kóòṣì, mo fẹ́ kí wọ́n ṣe é fún atamátàsé kan náà. Kí wọ́n mú ọmọ tó bá jẹ jù lọ́dún yìí, kí wọ́n bá a kọ ìwé àdéhùn tó dáa, kí wọ́n san owó ẹ̀ lásìkò, kí wọ́n sọ fún àwọn tó fẹ́ rà á pé ẹ dúró de sáà kan péré sí i, kí difẹ́ńdà Kano àti Aba àti Enugu ti ka fídíò ẹ̀ tán, kí wọ́n ti máa di aṣọ ẹ̀ mú ní gbogbo kọ́nà, kó wá tún jẹ jù. Owó tí wọ́n máa rí lórí ẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn á pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń gbà báyìí lọ, torí ẹni tó ń rà á á mọ̀ pé ohun tí òun ń rà dá òun lójú.